Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì Tó Ń Gbóná Jù: Ibo Gan-an Ni Ooru Há Sí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Àpótí onírin tó wà lábẹ́ tábìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní CPU. Bí ẹnì kan bá ní "CPU mi ń gbóná," ara àpótí ló fọwọ́ kàn. CPU gan-an kì í ṣe àpótí. Ègé pẹlẹbẹ kan ni, kò fẹ̀ tó páálí ìṣáná, orí motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ló jókòó sí, fáànù sì bò ó mọ́lẹ̀. Òun ni prósẹ́sọ̀. Àpótí lè tutù kí prósẹ́sọ̀ inú rẹ̀ ti wọ 98°C. Ẹ̀yìn àpótí sì lè gbóná nítorí power supply, ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, kí prósẹ́sọ̀ má mọ nǹkan kan sí i. Ọwọ́ kọ́ la fi ń wọn ooru prósẹ́sọ̀.

Prósẹ́sọ̀ tó bá ń jẹ iná 65 watt, gbogbo iná yẹn ló ń padà di ooru. Gílóòbù 60 watt ayé àtijọ́, ta ló lè dì í mú tó bá ti tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún? Ti prósẹ́sọ̀ tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ibi tí ooru náà ti ń jáde kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní láti gbà kúrò níbẹ̀. Á kọ́kọ́ la ohun kan tó dà bí ìpara kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní thermal paste. Láti ibẹ̀ á bọ́ sínú heatsink, irin oníyẹ̀ẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ fáànù. Fáànù á fẹ́ ẹ kúrò lára irin, àpótí á tì í síta, yàrá á gbà á. Ibi márùn-ún ló ti lè há. Ẹni tó bá lọ ra paste kó tó mọ ibi tó há sí, oògùn ibà ló ń lò fún ẹsẹ̀ tó rọ́.

Mélòó ló pọ̀ jù?

Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òpin tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Intel tàbí AMD, fi sí i. Fún ọ̀pọ̀ Intel Core, 100°C ni. Core i5-3470, tó pọ̀ nínú àwọn Dell àti HP tòkunbọ̀, lè dé 105°C. Ryzen 5 5600X ti AMD dúró sí 95°C, Ryzen 7 5800X sí 90°C, Ryzen 7 7800X3D sí 89°C. Tó bá kan òpin yìí, kì í jóná lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló máa dín eré ara rẹ̀ kù kó lè tutù: èyí tó ń sáré ní 3.6 GHz lè já wálẹ̀ sí 1 GHz tàbí kó dín sí i. Bí ooru bá ṣì ń gòkè, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí àmì àkọ́kọ́ kì í fi í ṣe èéfín tàbí òórùn. Ìwé tó ń ṣí wéré tẹ́lẹ̀ á wá di ohun tí à ń dúró dè, ohùn fáànù á sì máa ròkè bíi ti ẹ̀rọ ìlọta.

Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, bí kọ̀ǹpútà bá kàn jókòó láìṣiṣẹ́, 40 sí 50°C kì í ṣe àìsàn. Lójú iṣẹ́ líle, 65 sí 80°C dára. 80 sí 90°C ń fẹ́ àbójútó. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì lásán tó bá ń lo 90°C lọ sókè láìsọ̀kalẹ̀ ní ohun tó ń ṣe é.

Ẹ má fi nọ́ńbà tiyín wé ti ẹni tó ń ṣe fídíò láti inú yàrá 20°C nílùú òyìnbó. Bí yàrá bá fi dígírì 12 gbóná ju tirẹ̀ lọ, prósẹ́sọ̀ náà á fi bíi dígírì 12 gbóná jù ú lọ, kódà bí ohun gbogbo bá dọ́gba. Èyí tó yẹ kí ẹ máa wò ni àlàfo àárín yàrá àti prósẹ́sọ̀. 78°C nínú yàrá 33°C, àlàfo 45 ni. 65°C nínú yàrá 20°C, àlàfo 45 náà ni. Ìlera kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Bí a ṣe ń kà á

Lórí Windows, ẹ gba HWiNFO, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá ṣí, ẹ mú "Sensors-only." Ìlà tí ẹ ń wá ni "CPU Package" tó bá jẹ́ Intel, tàbí "CPU (Tctl/Tdie)" tó bá jẹ́ AMD. Òpó "Maximum" ló ń sọ ibi gíga jù lọ tó ti dé látìgbà tí ẹ ti ṣí i. Fún Intel, ẹ tún wá ìlà "Thermal Throttling." Bí "Yes" bá ti hàn níbẹ̀, prósẹ́sọ̀ ti dín eré kù nítorí ooru, iyèméjì ti tán. Lórí Linux, ẹ fi lm-sensors sí i, kí ẹ tẹ àṣẹ "sensors."

Bí ẹ bá rí ìlà kan tó ń jẹ́ TMPIN tàbí AUXTIN tó dúró gbọin sórí 120°C tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ojú ìwọ̀n tí wọn kò so mọ́ nǹkan kan ni. Nọ́ńbà inú BIOS, ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, náà máa ń ga díẹ̀ ju ti Windows lọ, nítorí prósẹ́sọ̀ kì í sinmi dáadáa nínú BIOS.

Ó kan ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jókòó fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí nǹkan kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ wá ṣí CPU-Z, ẹ lọ sí "Bench," ẹ tẹ "Stress CPU." Ẹ mú aago sọ́wọ́, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 20. Bí nọ́ńbà ṣe yára gòkè tó ló máa sọ ibi tí ooru há sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ìfiṣòfò.

Bí nọ́ńbà bá fò láti 45 sí 92 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, wàhálà wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti heatsink: paste ti gbẹ, tàbí heatsink kò jókòó dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé òkìtì irin ni heatsink, ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbóná. Bí ooru bá ń wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ, nọ́ńbà kò lè sáré bẹ́ẹ̀. Níbí ni ọwọ́ ti wúlò: ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà kúrò lójú iná, ẹ fọwọ́ kan ìdí heatsink. Bí ó bá tutù nígbà tí prósẹ́sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní 92°C, ooru kò rí afárá gbà kọjá.

Bí ó bá rọra ń gòkè, 60, 70, 78, tó wá kọjá 88 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, afárá wà, ibi tí ooru ń lọ ló dí. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí nígbà tí ìdánwò ṣì ń lọ. Bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ ní dígírì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àpótí ni kò mí dáadáa. Bí kò bá yí padà, eruku ti di heatsink tàbí fáànù ń lọ́ra.

Bí kọ̀ǹpútà bá sì kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí ẹ tàn án, kí Windows tó dé, ó ṣeé ṣe kí heatsink má kan prósẹ́sọ̀ rárá. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi mọ́tò gbé ẹ̀rọ wá láti ọ̀nà jíjìn.

Eruku àti fáànù

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ gbé e síta. Bí a bá kàn wo fáànù lókè, ó lè dà bíi pé ó mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni eruku ń pamọ́ sí. Ẹ yọ fáànù kúrò lórí heatsink, ẹ ó rí i pé eruku ti lẹ̀ mọ́ra wọn di aṣọ kan tó nípọn, aláwọ̀ eérú, tó tẹ́ sórí ìyẹ́ irin bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, débi pé a lè fi ìka méjì ṣí i kúrò lódidi. Lẹ́yìn oṣù ọyẹ́ kan péré, tàbí lẹ́bàá ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, ó lè ti tó bẹ́ẹ̀. Fífẹ́ atẹ́gùn láti òkè kàn ń tì í wọlé sí i ni.

Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi blower fẹ́ ẹ. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí. Bí atẹ́gùn bá ń yí i lérékére, ìdí rẹ̀ á bàjẹ́, fáànù náà á sì di jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń rán iná padà sínú motherboard. Ẹ̀rọ atẹ́gùn àwọn tó ń lẹ táyà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí omi àti ọ́ìlì máa ń bá atẹ́gùn rẹ̀ jáde.

Fáànù tó bá ń dún kùù, tàbí tó ń lọ́ra kó tó yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí lára motherboard, kì í ṣe SYS_FAN. Nínú wáyà mẹ́rin tó ní, méjì ń gbé iná, ìkẹta ń ròyìn eré tí fáànù ń sá, ìkẹrin ń gba àṣẹ pé kó sáré sí i tàbí kó rọra. Bí ìròyìn yẹn kò bá dé CPU_FAN, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á dá dúró pẹ̀lú "CPU Fan Error! Press F1." Àwọn tó ń tẹ F1 lójoojúmọ́ bí ẹni ń kí ìyá wọn ní káàárọ̀ ń fi owó motherboard tọrẹ.

Àwọn Dell àti HP ọ́fíìsì máa ń ní ìbòrí oníke tó ń darí atẹ́gùn láti iwájú gba inú heatsink kọjá. Wọ́n máa ń yọ ọ́ dànù nígbà àtúnṣe nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Láìsí i, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn kiri inú àpótí lásán ni. Ẹ wá a rí, kí ẹ dá a padà.

Paste, àti bí heatsink ṣe jókòó

Ojú irin méjì tó bá pàdé, bó ti wù kí wọ́n dán tó, ihò tíntìntín kún àárín wọn, afẹ́fẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru dáadáa. Iṣẹ́ paste ni láti lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ó lè ti gbẹ bí ẹfun, èyí tó jẹ́ ipò ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀.

Kí ẹ tó yọ heatsink, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí paste lè rọ̀, kí ẹ wá pa á, kí ẹ yọ wáyà. Ẹ rọra yí heatsink sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá fà á sókè gan-an lórí AM4 (irú socket kan ti AMD; socket ni ibi ìjókòó prósẹ́sọ̀ lórí motherboard), prósẹ́sọ̀ lè bá a jáde kúrò nínú socket, kí àwọn pínnì rẹ̀ sì wọ́.

Ẹ má tíì nù ún. Ẹ wo bí paste àtijọ́ ṣe tẹ́. Bí ó bá fẹ́lẹ́ káríkárí, heatsink jókòó dáadáa, gbígbẹ nìkan ló ṣe é. Bí ó bá nípọn lápá kan, tó sì fẹ́lẹ́ lápá kejì, heatsink wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Paste olówó ńlá kò lè wo ìyẹn sàn. Láàárín paste lásán àti paste tó gbówó lórí jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju dígírì mélòó kan lọ; heatsink tó wọ́ lè gba dígírì 20 lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi isopropyl alcohol tó tó 90% lọ sókè nu ojú méjèèjì. Bí sípíríìtì ilé oògùn nìkan ló wà, ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nù ún tán, nítorí ó lè fi àbàwọ́n sílẹ̀. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tẹ paste sí àárín gbùngbùn, kó má ju hóró ẹ̀wà olóyin kan lọ. Ẹ má fi ìka pa á. Heatsink fúnra rẹ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ gbé heatsink kalẹ̀ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tún gbé e sókè, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ẹ nu ún kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí heatsink bá jẹ́ tuntun, ẹ rí i pé ẹ ti ṣí ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Ìpara ìfọyín tí àwọn kan ń lò máa ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbẹ, ooru á padà.

Ẹsẹ̀ ike mẹ́rin ti Intel ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orí dúdú tí wọ́n ya àmì ọfà sí. Láti tú u, ẹ yí orí náà síbi tí ọfà kọjú sí, kí ẹ fà á sókè. Láti dè é, ẹ kọ́kọ́ yí i padà sí òdìkejì ọfà, kí ẹ sì fà á sókè tán. Ẹ kì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ihò, kí ẹ wá tẹ̀ wọ́n ní ìdojúkọra, èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi dún "kàá." Ẹ má fọkàn tán dídún yẹn. Ẹ yí motherboard wò lẹ́yìn: ike méjì tó la ara wọn gbọ́dọ̀ yọ jáde nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ike dúdú sì wà láàárín wọn tó fẹ̀ wọ́n. Ibi tí ẹ kò bá ti rí dúdú, ẹsẹ̀ yẹn kò dè. Ẹsẹ̀ kan péré tó bá yọ ti tó láti gbé igun heatsink sókè níwọ̀n irun orí, ìyẹn sì ti pọ̀ jù.

Tí ẹ bá fẹ́ ra heatsink lọ́jà, ẹ mú rúlà dání. Àlàfo ihò sí ihò lórí socket 775 ti Intel jẹ́ 72 mm. Lórí 1156, 1155, 1150, 1151 àti 1200, 75 mm ni. Lórí 1700, ó di 78 mm. Wọ́n jọra lójú, àmọ́ èyí tí wọ́n bá fi tipátipá wọlé kì í pẹ́ yọ. Ẹ tún yí abẹ́ rẹ̀ wò: àwọn heatsink Intel kan ní òbìrí bàbà pupa láàárín, àwọn kan jẹ́ alumíníọ̀mù lásán. Bàbà ń gbé ooru tó bí ìlọ́po méjì alumíníọ̀mù. Fún i7, ẹ mú ti bàbà.

Nígbà tí irin kọ́ ló jẹ̀bi

Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná láìṣí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi òpó CPU to àwọn ìlà rẹ̀. Àyẹ̀wò antivirus tàbí Windows Update á tán fúnra rẹ̀. Ètò ayédèrú tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gbé ohun tó ń wa owó crypto wọlé. Òmíràn nínú wọn gbọ́n: bí ẹ bá ti ṣí Task Manager, á sùn. Nítorí náà, ẹ wo HWiNFO lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí Task Manager, tó sì tún gòkè nígbà tí ẹ bá pa á, olè wà nínú ilé.

Bí ẹ kò bá lè tú ẹ̀rọ lónìí, ẹ lọ sí Power Options, inú "Processor power management," kí ẹ sọ "Maximum processor state" di 99%. Prósẹ́sọ̀ kò ní fi eré kún eré mọ́: i5-3470 á dúró sí 3.2 GHz dípò 3.6. Ooru á dín kù, ẹ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára lórí ìwé títẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń kú ní 62°C, ooru kọ́ ló pa á. Ẹ yẹ power supply wò, tàbí ìyípadà láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀. "Kernel-Power 41" tó wà nínú Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ Windows, kò sọ ohun tó fà á. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ kú láìdágbére.

Àwọn kan sì wà tí 95°C jẹ́ ìwà wọn. Ryzen 7000 tó jáde ní 2022, pàápàá àwọn tí orúkọ wọn parí sí X, AMD mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n lè lọ dé 95°C lójú iṣẹ́ líle ni. Core i9-13900K lè jẹ 253 watt, kò sì sí heatsink kékeré tó lè gbà á. Fún irú wọn, inú BIOS ni àtúnṣe wà: Eco Mode, tó ń dín iná tó ń jẹ kù, fún AMD; dídín PL1 àti PL2, òpin iná tí prósẹ́sọ̀ lè jẹ, kù fún Intel. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fi omi tutù, ẹ fọwọ́ kan páìpù rẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná gan-an tí èkejì tutù, ó jọ pé pọ́ńpù kò ti omi mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi àlàfo bíi 15 cm sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn àpótí àti ògiri, ẹ ká aṣọ léèsì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ tún ìdánwò ìṣẹ́jú 20 yẹn ṣe. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n ooru yàrá, nọ́ńbà ìsinmi, nọ́ńbà gíga jù àti eré fáànù sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bí ọyẹ́ bá tún dé, tí àlàfo yàrá àti prósẹ́sọ̀ fi dígírì 8 tàbí 10 ju ti orí ìwé lọ, búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.